Rex Hunt ní Erékùṣù Falkland: ṣé gómìnà ni ká pè é ni, àbí ajẹ́lẹ̀?

Àdùkẹ́_Atúmọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Mò ń kọ ìtàn kúkúrú ní èdè Yorùbá nípa Sir Rex Hunt, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe gómìnà Erékùṣù Falkland, àwọn erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì kan ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì nítòsí Ajẹntínà, ní 1980, tí àwọn ọmọ ogun Ajẹntínà sì wá ká mọ́ ilé ìjọba ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1982. Ohun méjì ló ń dà mí láàmú. Èkínní, nínú Yorùbá tí à ń sọ lónìí, ẹni tí a bá pè ní gómìnà ti gbégbá ìbò, ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú, ó sì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń bá a fa ọ̀rọ̀. Hunt kò gbégbá ìbò kankan rí. Ṣé kí n kúkú pè é ní ajẹ́lẹ̀ ni? Èkejì, gbogbo ibi tí mo ti ka ìtàn rẹ̀, iṣẹ́ ikọ̀ ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ní ó ṣe. Báwo ni ikọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa bá ìjọba ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ, ṣe wá di ẹni tó ń ṣàkóso ìlú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe nìkan dá mi lóhùn.

Olùkọ́_Ìtàn_Ọ̀yọ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ìbéèrè kejì ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló máa la ojú ọ̀nà fún èkínní.

Redcar, ìlú etíkun kan ní Yorkshire, ni wọ́n bí Hunt sí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1926. Ó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ sópin, ó wa bàálù Spitfire, lẹ́yìn náà ló lọ kàwé ní Oxford. Ní 1951 ni ìjọba amúnisìn gbà á síṣẹ́, wọ́n sì rán an lọ sí Ùgáńdà, níbi tó ti di ọ̀gá àgbègbè, irú ẹni tí àwọn baba wa ń pè ní D.O. Ibí yìí ni kí o fi ọkàn sí. D.O. kì í ṣe ikọ̀ rárá. D.O. a máa dá ẹjọ́, a máa bójú tó owó orí, a máa yẹ ọ̀nà àti afárá wò, a sì máa jókòó ti àwọn ìjòyè títí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yóò fi yanjú. Nítorí náà, iṣẹ́ ìṣàkóso ìlú ni Hunt kọ́kọ́ mọ̀, kó tó mọ iṣẹ́ ikọ̀.

Nígbà tí Ùgáńdà gba òmìnira ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1962, iṣẹ́ náà parẹ́ mọ́ àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe parẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ Òyìnbó lọ́wọ́ ní Nàìjíríà níbí lẹ́yìn 1960. Àwọn kan padà sílé lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Hunt ní tirẹ̀ yà sí ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí àjọṣe Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e kiri: Kuching àti Jesselton ní erékùṣù Borneo, Brunei, Ankara ní ilẹ̀ Tọ́kì, Jakarta ní Indonéṣíà, Saigon ní Vietnam ní 1974 sí 1975 nígbà tí ìlú náà ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Àríwá, àti Kuala Lumpur, níbi tó ti jẹ́ igbákejì àṣojú àgbà. Falkland ni wọ́n fi kádìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ni àyípadà tó bá àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù fúnra wọn. Láyé Lugard, iṣẹ́ gómìnà dá dúró gedegbe. Ọkùnrin náà ṣe gómìnà Hong Kong láti 1907 sí 1912 kó tó padà wá sọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní ikọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ilẹ̀ ńláńlá ṣe ń gba òmìnira lọ, ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí odò inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 1966 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti Commonwealth; ní 1968 wọ́n tún pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ilẹ̀ kéékèèké tó ṣẹ́ kù, tí iye wọn jẹ́ 14 lónìí, wá di ti ilé-iṣẹ́ yẹn. Bí àyè gómìnà bá ṣí sílẹ̀, inú àwọn ikọ̀ wọn ni wọ́n ti máa ń wá ẹni tí wọn yóò rán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: olóṣèlú ni Chris Patten tí wọ́n rán lọ sí Hong Kong ní 1992.

Ẹkùn_Òkèmẹ̀sí

Mo júbà Olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ ló gbé mi dìde, nítorí ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ogun Kírìjì mọ̀ pé ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkèmẹ̀sí ni Fábùnmi bẹ́ lórí ní 1878, tí ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi dìde, tó sì di 1886 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, tó tún di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ajẹ́lẹ̀ a máa gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ a máa wọ oko olóko, kò sì sí ẹni tó ń sunkún bó bá ń lọ. Ti Hunt kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣàkóso lé lórí ni wọ́n fẹ́ kó dúró. Òkèèrè ni ọ̀tá wọn ti wá. Bí o bá kọ ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, Àdùkẹ́, ará Èkìtì tó bá kà á yóò rò pé àwọn ará erékùṣù ló fẹ́ lé e lọ.

Àdùkẹ́_Atúmọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin bàbá mi. Ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún bi yín: kí ni agbára rẹ̀ gan-an? Àti pé ta ló ń ṣojú fún, Lọ́ńdọ̀nù ni àbí àwọn ará erékùṣù? Ohun tí mò ń kà ń lọ sọ́tùn-ún sósì lórí èyí.

Bọ̀dé_Lewisham

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ìwé tí wọ́n fi yàn án, láti ọwọ́ Ọbabìnrin ló ti wá, nípa ìmọ̀ràn ìjọba Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń bá a jókòó, àwọn ará ìlú sì ń yan àwọn kan sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ààbò àti ọlọ́pàá, ọwọ́ gómìnà ló wà. Àwọn ilẹ̀ yìnyín tó wà níwájú, títí dé ọ̀nà Antarctica, wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá wá wo iye ènìyàn, gbogbo àwọn ará Falkland nígbà náà kò ju nǹkan bí 1,800 lọ. Àgùntàn wọn pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, irun àgùntàn náà sì ni gbogbo ọrọ̀ ajé wọn. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, Falkland Islands Company, ló ni nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ náà.

Ẹ wá wo bí ìgbé ayé wọn ṣe rí. Láti 1971 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà ti ṣe àdéhùn ìrìnnà. Bàálù LADE, tó jẹ́ ti ológun òfurufú Ajẹntínà, ló ń gbé wọn wọlé tó ń gbé wọn jáde. Epo tí wọ́n ń lò, ilé-iṣẹ́ epo Ajẹntínà ló ń gbé e wá. Ará Stanley, olú ìlú erékùṣù náà, tó bá fẹ́ lọ tọ́jú ara rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá, tàbí tó fẹ́ rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, ìlẹ̀kùn Ajẹntínà ló gbọ́dọ̀ gbà, káàdì funfun tí Ajẹntínà fún un ló sì gbọ́dọ̀ mú dání. Ìjọba yẹn kan náà ló ń sọ láti 1833 pé Gẹ̀ẹ́sì ló gba ilẹ̀ baba òun, Malvinas ni wọ́n sì ń pè é. Nítorí náà, ẹni tó ń ta epo fún ọ ni ẹni tó ń bá ọ ṣẹjọ́ ilẹ̀.

Inú èyí ni Hunt bá ara rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1980, Nicholas Ridley, mínísítà kan nílé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wá sí Stanley pẹ̀lú àbá kan: kí Gẹ̀ẹ́sì gbé ilẹ̀ náà lé Ajẹntínà lọ́wọ́, kó sì wá máa háyà rẹ̀ lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ká ta ilé baba ẹni tán, ká tún wá di ayálégbé nínú rẹ̀! Àwọn ará erékùṣù kọ̀ jálẹ̀, nígbà tí Ridley sì padà dé ilé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀tún àti òsì ló bù ú. Hunt ló ní láti máa kọ̀wé sílé pé àwọn ènìyàn yìí kò fẹ́ ohunkóhun ṣe pẹ̀lú Ajẹntínà. Àwọn kan nílé-iṣẹ́ náà wá ń wò ó bí ẹni tó ti gbàgbé ẹni tó rán an níṣẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí wọ́n rán an gan-an ló ń jẹ́: ikọ̀ tí kò bá lè sọ òótọ́ ohun tó rí fún ọba rẹ̀, kí ló lọ ṣe?

Ìyá_Ẹniọlá

Mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, a sì kóra jọ sídìí tẹlifíṣàn kékeré kan ní ilé àwọn nọ́ọ̀sì. Ohun tí n kò lè gbàgbé nípa ọkùnrin yẹn ni fìlà rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ajẹntínà ní kó máa lọ, kò wọ kóòtù lásán. Ó wọ aṣọ oyè gómìnà pẹ̀lú idà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti fìlà oníyẹ̀ẹ́ ògòǹgò, ó bọ́ sínú tákísí Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí pápá bàálù. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ Jàmáíkà tó wà pẹ̀lú wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọba tí wọ́n lé kúrò nílùú tó sì dé adé rẹ̀ jáde, a mọ ohun tó ń sọ. Ògòǹgò ṣáà ni ọba ẹyẹ.

Aríbisálà_Kò_Gbà

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ilé, tí olè wọlé gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, kí ni wọ́n fi ń fún un ní oyè Sir lọ́dún kan náà? Nínú ogun tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba ilẹ̀ náà padà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 255 ló kú, ti Ajẹntínà jẹ́ 649, àwọn obìnrin erékùṣù mẹ́ta sì kú pẹ̀lú. Bí iṣẹ́ ikọ̀ bá jẹ́ kí ogun má ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún kò yọrí. Fìlà oníyẹ̀ẹ́ kò lè bo ìyẹn.

Olùkọ́_Ìtàn_Ọ̀yọ́

Aríbisálà, ìbínú rẹ ní ìdí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó yẹ lò ń bínú sí. Jẹ́ kí n to àwọn ọjọ́ náà fún ọ.

Ní 1981, Lọ́ńdọ̀nù kéde pé òun yóò kó ọkọ̀ HMS Endurance kúrò, ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo tó máa ń yí omi ibẹ̀ ká. Àwọn ará erékùṣù fi ẹ̀hónú hàn. Etí ikún ni. Lọ́dún kan náà ni òfin ọmọ-ìlú tuntun jáde, èyí tó sọ ọ̀pọ̀ lára wọn di ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ láti lọ gbé ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìwọ bá jẹ́ ọ̀gágun ní Buenos Aires, kí ni wàá rí kà nínú àmì méjèèjì yìí? Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1982, àwọn oníṣòwò irin àlòkù láti Ajẹntínà gúnlẹ̀ sí South Georgia, erékùṣù mìíràn tó wà lábẹ́ gómìnà Falkland, láìgba ìwé àṣẹ tó yẹ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni iṣẹ́ dé láti Lọ́ńdọ̀nù sọ́wọ́ Hunt. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀rí tó dà bí òótọ́ wà pé ọkọ̀ ogun Ajẹntínà yóò kóra jọ sí iwájú Cape Pembroke, etíkun kan nítòsí Stanley, ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, àti pé Hunt yóò fẹ́ ṣètò ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Èmi ti ka ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìjọba láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó tutù tó yẹn. Ó dà bí ìgbà tí iná ń jó bọ̀ lẹ́yìnkùlé ẹni, tí aládùúgbò kọ̀wé pé ká rí sí i. Kí ni Hunt ní lọ́wọ́? Àwọn ọmọ ogun Royal Marines tí wọn kò tó 70, tó jẹ́ pé wọ́n tilẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí pé àwọn tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba ipò àwọn ti àtijọ́ ni, àti àwọn ará ìlú díẹ̀ tó gbé ìbọn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló bọ́ sórí rédíò, tó fi ohùn ara rẹ̀ sọ fún àwọn ará ìlú pé ó ṣeé ṣe kí ogun wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Patrick Watts, olóòtú rédíò náà, kò pa ẹ̀rọ. Gbogbo òru ni wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn, tí àwọn ará Stanley ń fóònù wọlé láti sọ ohun tí wọ́n ń rí lójú fèrèsé wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ìbọn ń ró yí ilé gómìnà ká. Ọ̀gá ológun Ajẹntínà kan, Pedro Giachino, gba ọta nítòsí ilé náà, ó sì kú. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun onírin wọ ìlú, Major Mike Norman, olórí àwọn Royal Marines, mọ̀ pé ìjà náà kò lọ síbì kan mọ́.

Ẹ wá wo ibi tí iṣẹ́ ikọ̀ ti wúlò. Hunt ránṣẹ́ pe Hector Gilobert, ọ̀gágun òfurufú Ajẹntínà tó ti ṣiṣẹ́ LADE ní Stanley, ẹni tí wọ́n mọ ara wọn dáadáa, pé kó wá ṣe alárinà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ogun sì wọlé, wọ́n na ọwọ́ sí i, kò bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n dúró sí láìtọ́, kí wọ́n kó ara wọn kúrò. Wọ́n ní kò hùwà ọmọlúàbí. Ó ní ẹni tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀ ni kò hùwà ọmọlúàbí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ìbọn kalẹ̀, kò sì sí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó kú níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n gbé wọn lọ sí Montevideo ní Uruguay. Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹrin, Lord Carrington, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ẹ̀bi wà.

Aríbisálà_Kò_Gbà

Mo gbọ́, Olùkọ́. Mo gba ti Carrington. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ Lord Franks tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tó jábọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1983, kò dá ìjọba lẹ́bi pé òun ló fa ìkọlù náà. Nítorí náà, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni? Ìyẹn ni kò yé mi.

Bọ̀dé_Lewisham

Ẹ̀gbọ́n, kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí náà títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ agbára gómìnà, kí ẹ má baà rò pé ti Hunt ni gbogbo wọn ń ṣe. Ní Turks and Caicos, àwọn erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì kan ní agbègbè Karibíà, oṣù kẹjọ ọdún 2009, Lọ́ńdọ̀nù fagi lé apá kan nínú òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ nítorí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ tí ìgbìmọ̀ ìwádìí gbé jáde, ó tú ilé aṣòfin ká, ó sì gbé gbogbo àṣẹ lé gómìnà Gordon Wetherell lọ́wọ́. Wọn kò tún dìbò títí di oṣù kọkànlá ọdún 2012. Ikọ̀ ni Wetherell náà. Ẹkùn_Òkèmẹ̀sí, ṣé ẹ rí i? Níbẹ̀, àwọn kan kò ní bínú bí Àdùkẹ́ bá kọ ajẹ́lẹ̀.

Ẹkùn_Òkèmẹ̀sí

Mo rí i. Fún Wetherell, mo lè fàyè gbà á. Fún Hunt, rárá.

Ìyá_Ẹniọlá

Àdùkẹ́, má gbàgbé ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ni Ajẹntínà túúbá, ọjọ́ 25 ni Hunt sì padà dé Stanley. Àwọn ará ìlú jáde wá pàdé rẹ̀ nínú òtútù. Ní apá ibẹ̀, ìgbà òtútù ni oṣù kẹfà.

Olùkọ́_Ìtàn_Ọ̀yọ́

Ìyá Ẹniọlá ṣeun, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ fara pamọ́ sí. Nígbà tó padà, wọn kò pè é ní gómìnà mọ́. Ọ̀gágun kan wà lórí àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì fi Hunt ṣe kọmíṣọ́nnà ọ̀rọ̀ ará ìlú. Oyè gómìnà kò padà títí di 1985, nígbà tí òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, iṣẹ́ D.O. tó kọ́ ní Ùgáńdà ló padà bá a. Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ wà káàkiri oko, àwọn ọmọ ogun pọ̀ ju àwọn ará ìlú lọ, ilé kò tó, omi kò tó. Ní 1983 ni Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin tó sọ àwọn ará erékùṣù di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gidi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńláńlá, wọ́n sì ń pín in fún àwọn ìdílé tó ń dáko níbẹ̀. Pápá bàálù Mount Pleasant ṣí ní 1985. Owó ìwé àṣẹ ẹja pípa, tó sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀, kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1987, lẹ́yìn tí Hunt ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2012 ló kú, ọjọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìrántí àwọn tó kú sójú ogun, ẹni ọdún 86 ni.

Àdùkẹ́_Atúmọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Ohun tí n ó kọ nìyí, kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: «gómìnà tí ọba rán» láti 1980 títí di àárọ̀ ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1982, «kọmíṣọ́nnà ọ̀rọ̀ ará ìlú» láti oṣù kẹfà ọdún náà, «gómìnà» lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1985. N ó yọ ajẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá.

Ẹkùn_Òkèmẹ̀sí

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ńkọ́, nígbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀gágun Ajẹntínà sì jókòó sórí àga rẹ̀ ní Stanley? Kí lo máa pè é nígbà yẹn?

Àdùkẹ́_Atúmọ̀

Gómìnà ni, bàbá. Kò bọ́ fìlà yẹn fún wọn.